Kíránkì OM352 àbí OM366: èwo ni kí ẹ rà fún 911 yín?

Bí ẹ bá dé Àràròmí, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Géètì, Ìbàdàn, tí ẹ ní kíránkì (irin tí písítínì ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 lẹ ń wá, oríṣi méjì ni wọ́n lè gbé síwájú yín. Tí ọ́ìlì dúdú bá ti bo méjèèjì, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

OM352, ẹ́ńjìnnì tó bá 911 wá: sílíńdà 6, ihò písítínì 97 mm, ìrìn písítínì 128 mm, bíi lítà 5.7.

OM366, àbúrò tó dé lẹ́yìn: sílíńdà 6 náà, ihò 97.5 mm, ìrìn 133 mm, bíi lítà 6.

Ẹ wo ìrìn yẹn dáadáa. Mílímítà 5 ló wà láàárín wọn. Bí ẹ bá gbé kíránkì 366 sínú búlọ́ọ̀kù 352, tí kọ́nrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítínì mọ́ kíránkì) àti písítínì 352 ṣì wà níbẹ̀, písítínì á fi 2.5 mm ga kọjá ibi tó ń dúró sí tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì nìyí, àyè tó wà lábẹ́ tọ́ọ̀pù, ìdérí orí búlọ́ọ̀kù, kò tó bẹ́ẹ̀. Yóò gbá a. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní "ó máa wọlé, ọ̀gá mi", ẹ bi í pé písítínì ń kọ́? Ẹni tó bá fẹ́ agbára 366, kó ra odidi ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

(Ti ọkọ̀ Mercedes 608, ìyẹn OM314, kò kàn yín. Lóòótọ́ ihò àti ìrìn rẹ̀ bá ti 352 mu, ṣùgbọ́n sílíńdà 4 ló ní.)

Ó wá ku ká gé tiyín, ìyẹn ká fi ẹ̀rọ họ ojú rẹ̀ (àwọn ibi dídán tó ń yí nínú mẹ́táàlì), tàbí ká ra tòkunbọ̀ 352. Ní tèmi, bí gígé àkọ́kọ́ bá lè mú ojú kíránkì yín mọ́, ẹ má ra òmíràn. 0.25 mm ni wọ́n ń gé lẹ́ẹ̀kan, mẹ́táàlì (bẹ́ẹ́rìn tó ń gbé ojú kíránkì) tí ẹ máa rà sì gbọ́dọ̀ bá iye tí wọ́n gé mu. Tí tiyín bá ti dé 0.75, tòkunbọ̀ tí wọn kò tíì gé rí sàn jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé wọn kò tíì gé e? Wọ́n ta "sítáńdáàdì" kan, ìyẹn èyí tí wọn kò tíì gé, fún mi rí, mo gbà á gbọ́, mo sì ra mẹ́táàlì sítáńdáàdì sí i. A tan ẹ́ńjìnnì, agbára ọ́ìlì kò gbéra. Wọ́n ti gé ojú méjì nínú rẹ̀! Ojú 13 ló wà lára kíránkì 352: 7 nínú búlọ́ọ̀kù, 6 fún kọ́nrọ́ọ̀dù. Ẹ mú ẹni tó ní máíkírómítà (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn irin) dání, kó wọn gbogbo rẹ̀ níṣojú yín.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi okùn so ó rọ̀, kí ẹ fi hámà kékeré kàn án. Èyí tó dá ṣáká á dún gbọọrọ bí agogo. Tó bá dún kó bí igi, ó ti sán níbì kan. Ẹ dá a padà fún wọn.