Àyẹ̀wò áàpù Bíbélì YouVersion fún ẹni tó fẹ́ fi Ọlọ́run ṣáájú

Ọ̀fẹ́ ni áàpù yìí, kò sì sí ìpolówó ọjà kankan nínú rẹ̀. Ìjọ Life.Church ní Oklahoma, Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 2008. Bíbélì tó wà nínú rẹ̀ lé ní èdè 2,000. Ti Yorùbá kò gbẹ́yìn: èyí tí àwọn àgbà há sórí wà níbẹ̀, ti èdè òde òní náà wà níbẹ̀. Ní ti kíkà, a ò ní àríwísí púpọ̀. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ó lè ran ẹni tó fẹ́ pa Mátíù 6:33 mọ́ lójoojúmọ́ lọ́wọ́, kí ìjọba Ọlọ́run jẹ́ ohun tí à ń kọ́kọ́ wá.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Fóònù tí Bíbélì wà nínú rẹ̀ ni WhatsApp, ìròyìn àti iṣẹ́ tí ọ̀gá rán wa wà nínú rẹ̀. Ẹni tó gbé e láti ka Sáàmù kan á ti rí i pé èèyàn mẹ́fà ló ń wá òun kí ó tó ṣí i. Ọlọ́run ti di ẹnì keje lórí ìlà nìyẹn. A kì í fi agbára ọkàn nìkan borí èyí. Bí a bá ṣe to fóònù sílẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀.

Alẹ́ ni kí a ti tò ó. Ṣí ojú ewé Bíbélì, tẹ orúkọ ìtumọ̀ tí ò ń lò, kí o sì tẹ àmì ìgbàsílẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó lè ṣí láìsí dátà. Kì í ṣe gbogbo ìtumọ̀ ló ní àmì yìí, torí pé àwọn tó ni ẹ̀tọ́ lórí ìtumọ̀ ló ń yọ̀ǹda rẹ̀. Bí tìrẹ kò bá ní in, mú òmíràn. Lẹ́yìn náà, pa dátà àti Wi-Fi kí o tó sùn, má sì ṣí wọn títí àdúrà òwúrọ̀ á fi parí. Má gbára lé ìránnilétí áàpù náà láti jí ọ, ó lè má wọlé bí dátà bá wà ní pípa. Agogo fóònù ló dájú.

Ẹsẹ ojúmọ́ tó ń gbé jáde dùn ún rí, àmọ́ òun ló ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Wo Jeremáyà 29:11, tí wọ́n fẹ́ràn láti máa pín kiri. Àwọn tí wọ́n kó nígbèkùn lọ sí Bábílónì ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀, ẹsẹ 10 sì ti sọ pé ó di 70 ọdún. Ẹni tó ka 11 nìkan á rò pé ìlérí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Tẹ ẹsẹ náà kí orí rẹ̀ ṣí, kà á tán, kó o tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Áàpù náà tún ń ka iye ọjọ́ tí o ṣí i tẹ̀ lé ara wọn. Ṣíṣí lásán ló ń kà o! Ẹni tó ṣí i tó sì pa á dé gba máàkì kan náà pẹ̀lú ẹni tó kúnlẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ má fi ìyẹn díwọ̀n ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni.

Inú ètò kíkà ni èrè tó pọ̀ jù wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń já bọ́. Orí 1,189 ló wà nínú Bíbélì. Bí o bá ń ka mẹ́ta lóòjọ́ láti Jẹ́nẹ́sísì, ọjọ́ 31 ni wàá wọ Léfítíkù, o kò sì ní jáde nínú Númérì títí di ọjọ́ 51. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lórí ẹbọ, ẹ̀tẹ̀ àti ìkànìyàn: ibẹ̀ ló ti ń rẹ ọ̀pọ̀. Ètò tí M'Cheyne, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní Dundee, Scotland, ṣe ní 1842 yẹra fún èyí, torí ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń kà lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ka Májẹ̀mú Tuntun àti Sáàmù lọ́dún, nítorí náà ó lé ní orí mẹ́rin lóòjọ́. Ó pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Máàkù ni kó mú, orí 16 péré, ọ̀kan lóòjọ́.

Bí o bá pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ, má gbìyànjú láti ka gbogbo gbèsè náà lọ́jọ́ kan. Ètò náà ní Catch Me Up, èyí tó ń sún ọjọ́ síwájú kó o lè bẹ̀rẹ̀ níbi tó o dúró.

Àkọsílẹ̀ àdúrà inú rẹ̀ wúlò, o lè sàmì sí èyí tó ti gbà. Bíbélì tí wọ́n ń kà sí ni létí kò sí fún gbogbo ìtumọ̀, ó sì máa ń jẹ dátà. Ẹnu iṣẹ́ ilé ló bá mu.

Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò lè wà láìsí dátà, bíi dókítà tí wọ́n lè pè nígbàkigbà, kí ó ra Bíbélì oníwèé fún òwúrọ̀, kí ó sì fi áàpù yìí sílẹ̀ di ọ̀sán.