Kálípà Wo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Rà? Ìfiwéra Búréèkì Dísìkì fún Ẹ̀yìn Jíìpù Tó Ń Wọ Oko

Ẹni tó bá ń fi Hilux tàbí jíìpù wọ ọ̀nà oko Akùfọ̀ tàbí Ìdó lásìkò òjò mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ la ẹrọ̀fọ̀ kọjá, ẹ tẹ búréèkì, ẹ̀yìn ò dáhùn. Omi àti ẹrẹ̀ ti kó sínú dúróòmù, wọn ò sì tètè ráyè jáde, torí ó pa ara rẹ̀ dé bí ìkòkò tó ní ọmọrí. Gbangba ni dísìkì, ìyẹn àwo irin tó ń yí pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọkọ̀, ní tiẹ̀ wà. Bó ṣe ń yí ló ń gbọn omi dànù, páàdì á sì nu ìyókù kúrò. Ìdí nìyí táwọn èèyàn fi ń béèrè kálípà ẹ̀yìn, ìyẹn ohun tó ń fi páàdì fún dísìkì mọ́ra, ní ọjà Araromi ní Agodi Gate.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ rántí pé búréèkì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́, torí bí ọkọ̀ bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ á rọ́ síwájú. Bí tiwájú bá ti jẹ, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Bó bá sì jẹ́ ìgboro nìkan lẹ ń rìn, dúróòmù tí wọ́n tún ṣe dáadáa tó yín, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Oko, ẹrẹ̀ àti ẹrù ló ń mú kí dísìkì tó owó rẹ̀.

Hándíbúréèkì ni mo fi ń ya kálípà kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Ẹni tó bá ti páàkì rí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Mápó tàbí Òkè Ààrẹ kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Irú mẹ́ta lẹ máa bá pàdé.

Ti àkọ́kọ́ ni kálípà lásán, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ mìíràn. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti fi ti iwájú Chevrolet Blazer K5 sí ẹ̀yìn. Písítìnì kan ṣoṣo ló ní, àtúnṣe rẹ̀ rọrùn, kò sì wọ́n bíi tàwọn yòókù. Ṣùgbọ́n kò síbi tí wáyà hándíbúréèkì ti lè so mọ́ ọn. Ẹlòmíì á ní kẹ́ ẹ fi fáàfù kan há ọ́ìlì mọ́ inú páìpù. Ẹ má gbà o! Agbára ọ́ìlì tí wọ́n há mọ́ bẹ́ẹ̀ lè máa dín kù díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ á sì yọ́ lọ nígbà tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Bí wọ́n tiẹ̀ gbé kálípà yìí fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò ní fi sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń rìn ní Ìbàdàn.

Ìkejì ní ọwọ́ irin hándíbúréèkì lára kálípà fúnra rẹ̀, bíi ti Cadillac Eldorado ìparí àwọn ọdún 1970. Ìyẹn ti yanjú ọ̀rọ̀ òkè, àmọ́ ó nílò ìtọ́jú. Fífà hándíbúréèkì ló ń mú kí páàdì máa sún mọ́ dísìkì bó ṣe ń jẹ. Ẹni tí kì í fà á déédéé á rí i pé pẹ́dà ń lọ sílẹ̀ síi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ irú kálípà yìí, yíyí ni wọ́n ń yí písítìnì wọn padà wọlé. Mẹkáníìkì tó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ á bà á jẹ́. Ìta sì ni ọwọ́ irin náà wà, níbi tí ẹrẹ̀ ti lè mú un dípẹtà.

Ìkẹta ni mo fara mọ́: dísìkì tí dúróòmù kékeré wà láàrin rẹ̀. Kálípà á dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, ṣúù kékeré (ohun tó ń há mọ́ ara dúróòmù láti inú) á dì í mú níbi ìgbọ́kọ̀sí. Wọn kì í dí ara wọn lọ́wọ́, ṣúù náà kì í sì í tètè jẹ. Ẹ̀yìn Ford Explorer ọdún 1995 sí 2001 rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé kẹ́ ẹ ra odindi axle, ìyẹn irin gbọọrọ tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ni, àbí kálípà nìkan? Axle Explorer gbajúmọ̀ láàrin àwọn tó ní Jeep Wrangler TJ, torí ihò bóòtù márààrún ríìmù wọn bára mu. Ohun tí àwọn olùtà kì í sọ ni pé gíà axle ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bá ti iwájú dọ́gba. Bí ẹ̀yìn bá jẹ́ 3.73 (iye ìgbà tí ọ̀pá tó ń wá láti ẹ́ńjìnì ń yí kí ẹsẹ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan) tí iwájú sì jẹ́ 4.10, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kó ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́nu iṣẹ́, gíà á máa jà láàrin ara wọn títí nǹkan á fi ṣẹ́. Ní ti Toyota 4Runner, ti 1996 sí 2002 ní dúróòmù lẹ́yìn, ti 2003 ní dísìkì, àmọ́ fífẹ̀ axle méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ẹ má gba “á wọlé” lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Bó bá jẹ́ kálípà nìkan, ẹ bi wọ́n léèrè bíráàkẹ́ẹ̀tì tó máa gbé e dúró. Lára ọ̀pọ̀ axle Hilux, wọ́n gbọ́dọ̀ fa ọ̀pá axle jáde, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ bíárìn kúrò lára rẹ̀, kí bíráàkẹ́ẹ̀tì tó lè wọlé. Ẹ ka owó bíárìn àti sílì tuntun mọ́ ọn.

Àkójọpọ̀ tuntun láti òkè òkun máa ń bá bíráàkẹ́ẹ̀tì wá, dọ́là ló sì ń pinnu iye rẹ̀. Tòkunbọ̀ dín owó kù, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò. Ẹ ṣí rọ́bà etí písítìnì díẹ̀, ẹ tan iná sí i: bí ìpẹtà bá ti gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sára rẹ̀, á máa jò. Ẹ ti kálípà síwá sẹ́yìn lórí píìnì rẹ̀. Tí kò bá sún, ó ti gan. Lára dísìkì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ MIN TH àti nọ́ńbà kan sí; ìyẹn ni nínípọn tó kéré jù tí dísìkì lè ní. Èyí tó bá ti tín-ín-rín ju nọ́ńbà yẹn lọ ti di irin àlòkù. Ẹ gbé ríìmù yín dání lọ sọ́jà, nítorí ríìmù ínṣì 15 míì á kan kálípà.

Másítà (ohun tó ń ti ọ́ìlì búréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bí ẹ bá tẹ pẹ́dà) tó wà fún dúróòmù lè má gbé ọ́ìlì tó fún kálípà, pẹ́dà á sì máa rìn jìnnà. Bí fáàfù tó ń di agbára ọ́ìlì bíi 10 psi mú sínú páìpù fún dúróòmù bá ṣì wà nínú rẹ̀, páàdì á máa ha dísìkì, á sì gbóná. Ẹ yọ ọ́. Ọ́ìlì búréèkì DOT 4 ni mo fẹ́ fún ọkọ̀ ẹrù, torí ní tuntun, ó kéré tán 230°C ló ń hó, nígbà tí DOT 3 bẹ̀rẹ̀ láti 205°C. Bí ẹ bá rí i pé ihò tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́ dojú kọ ìsàlẹ̀, wọ́n ti gbé kálípà ọ̀tún sí òsì nìyẹn; afẹ́fẹ́ kò ní jáde láéláé.

Kẹ́ ẹ tó sanwó tán, ẹ gbé ọkọ̀ lọ síbi tó tẹ́jú, tí kò sí èrò, ẹ rọra sáré, kẹ́ ẹ tẹ búréèkì gidi. Bí ẹ̀yìn bá há ṣáájú iwájú, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ yí. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi fáàfù dín agbára tó ń lọ sẹ́yìn kù. Lẹ́yìn náà, ẹ wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ẹ fi òkúta sẹ́yìn táyà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ yọ gíà, ẹ fa hándíbúréèkì, kẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ẹ yí ọkọ̀ padà, ẹ tún un ṣe. Bó bá yọ́ níbì kankan nínú méjèèjì, iṣẹ́ ò tíì parí, ẹ má sì tíì san ìyókù owó.