Wọ́n fi gbogbo ìjà Kamaru Usman hàn wá mọ́jú ní sẹ́ńtà kan ní Mókólá, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó kángun sí bẹ̀rẹ̀: ₦2,000 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ò dùn mí rárá, bí wọ́n bá tún ṣe é mo tún ń lọ. Sẹ́ńtà tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ni o, ní Mókólá n'Íbàdàn níbí, ẹni tó bá ń gbé àdúgbò yẹn á ti mọ èyí tí mò ń sọ, èyí tí wọ́n kun ògiri ẹ̀ lápá kan ní àwọ̀ Arsenal, tí wọ́n kun apá kejì ní ti Chelsea kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù wọ́n máa ń pa bọ́ọ̀lù tì lálẹ́, wọ́n á mú oníjà UFC kan ṣoṣo (UFC ni ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣètò MMA, ìjà tí wọ́n ti pa ẹ̀ṣẹ́, ẹsẹ̀ àti ìjàkadì pọ̀), wọ́n á wá máa fi ìjà ẹ̀ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, látìgbà tí ò tíì lórúkọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èyí tí mo lọ yìí, Kamaru Usman ni wọ́n fi ṣe.

Ẹ lè ní ṣebí gbogbo ẹ̀ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ló dé téèyàn á fi lọ jókòó sórí àga oníke láàárín ẹ̀fọn. Bọ̀dá Kóòṣì ni o. Àwọn ni rìmóòtù wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ja ìjàkadì fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ rí nígbà èwe wọn, etí wọn ọ̀tún ti wú ó ti le bí ti àwọn oníjàkadì ṣe máa ń rí, bí ìjà bá ń lọ lọ́wọ́ wọ́n á kàn dá a dúró, wọ́n á ní "ẹ wo ibi tó gbé orí ẹ̀ sí", wọ́n á yí i padà sẹ́yìn, wọ́n á pe ọmọkùnrin kan jáde láàárín èrò wọ́n á fi hàn án lára ẹ̀. Àwa tá à ń wo UFC ní Nàìjíríà, ká sọ òótọ́, ẹ̀ṣẹ́ là ń wá. Tí wọ́n bá ti dì mọ́ra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà kéèjì tí wọ́n ti ń jà báyìí, oníkálukú á ti fa fóònù yọ. Lálẹ́ yẹn kò sẹ́ni tó fa fóònù yọ, àfi àwọn tó fẹ́ ṣe fídíò Bọ̀dá Kóòṣì.

Fọ́tò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Auchi ní ìpínlẹ̀ Edo ni wọ́n bí Usman sí lọ́dún 1987, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tó bá àwọn òbí ẹ̀ lọ sí Arlington ní Texas. (Kamarudeen lorúkọ ẹ̀ gan-an, ìyẹn ni ọ̀gbẹ́ni kan lẹ́yìn mi ṣe jiyàn títí di aago méjì òru pé ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni bàbá ẹ̀, a ò rẹ́ni gbà á lẹ́nu ẹ̀.) Nílé ìwé girama ló ti bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì, ẹnu kóòṣì ẹ̀ ò gba orúkọ yẹn ló bá ń pè é ní Marty, nígbà tó sì di 2010 ó gba ipò kìíní nínú ìjàkadì àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, Division II, fún University of Nebraska at Kearney. Bọ̀dá Kóòṣì ní ká má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn wá o, Division I làwọn ilé ìwé ńlá ńlá wà, Division II wà lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n wá ní ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù alágbọ̀n gbá á lọ gbowó ní NBA, oníjàkadì ò níbi tó ń lọ, Olímpíìkì nìkan ló kù, ọdún mẹ́rin mẹ́rin sì nìyẹn, kò sówó oṣù ńbẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí Daniel Cormier, oníjàkadì Olímpíìkì, bọ́ sí MMA, tí Henry Cejudo tó gba góòlù ní Beijing lọ́dún 2008 náà fi tẹ̀lé e. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní ká ní irú ẹ̀ wà nílùú yìí nígbà tiwọn, àwọn náà ì bá lọ.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2012 ló ja MMA àkọ́kọ́, ó borí. Ìkejì, lọ́dún 2013, Jose Caceres lọ́ ọ lọ́rùn látẹ̀yìn ní ráúndì kìíní, ó túúbá. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Kóòṣì ò rẹ́rìn-ín o, wọ́n ní nínú ìjàkadì, kí ẹ̀yìn ẹ má kan ilẹ̀ ni gbogbo wàhálà, wàá yáa dojúbolẹ̀, bẹ́ẹ̀ bó o bá dojúbolẹ̀ nínú MMA o ti kọ ẹ̀yìn sí ọ̀tá nìyẹn, ọrùn ẹ lọ́wọ́ ẹ̀ ń bọ̀ wá bá, torí náà ohun àkọ́kọ́ tí oníjàkadì gbọ́dọ̀ gbàgbé nìyẹn, ọ̀pọ̀ ò sì lè gbàgbé ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan tó ₦2,000 lójú tèmi. Mo ti ń wo UFC ọjọ́ ti pẹ́, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi rí.

Lẹ́yìn Caceres, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ò fi fìdí rẹmi. Ó gba ìdíje The Ultimate Fighter, ètò tẹlifíṣọ̀n tí UFC fi ń wá oníjà tuntun, lọ́dún 2015, ó wọ UFC, lóṣù Kejìlá ọdún yẹn náà ló kọ́kọ́ pàdé Leon Edwards, ó borí ẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Láti ibẹ̀ dé 2018 ni sẹ́ńtà yìí já mi kulẹ̀ díẹ̀, netiwọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, àwòrán ń dì gbagidi, wọ́n wá fi ìbínú fo Demian Maia, wọ́n fo ìdajì Rafael dos Anjos, bẹ́ẹ̀ ti dos Anjos yẹn gan-an ló sọ ọ́ dẹni tí wọ́n fún láǹfààní bẹ́líìtì.

Ti Tyron Woodley, ẹni tí bẹ́líìtì wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà yẹn, ní March 2019, wọ́n fi ráúndì márààrún hàn láìfo ìkankan. Oníjàkadì ni Woodley náà, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ sì burú, ó ti fi gbé èèyàn sùn. Bọ̀dá Kóòṣì gbé ọmọkùnrin wọn síwájú ògiri: ẹ wò ó, orí Usman wà lábẹ́ àgbọ̀n ẹ̀, ó ń tì í sókè, ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú, èjìká ń gbá a lójú, eékún ń gún un ní itan, kò sí àyè tí ọwọ́ ọ̀tún yẹn máa gbà jáde torí ẹ̀ṣẹ́ ń fẹ́ àyè kó tó lè ní agbára. Tó bá fi agbára ti Usman kúrò, ó rẹ̀ ẹ́. Tí ò bá tì í, wọ́n ń lù ú. Mo ti wo ìjà yẹn tẹ́lẹ̀ o, mo sùn lójú ẹ̀, àṣé ìyà gidi ni wọ́n fi ń jẹ ẹni ẹlẹ́ni fún ìṣẹ́jú 25. Àwọn adájọ́ mẹ́ta kọ máàkì 50-44, 50-44, 50-45 fún Usman. Bó ṣe di ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì UFC nìyẹn, bàbá kan láti Ọ̀fà dìde, wọ́n figbe ta pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, oníṣúyà ò rọ́nà kọjá mọ́.

Ti Colby Covington, December 2019, oníjàkadì méjì ló kojú ara wọn, kò sì sẹ́ni tó dá ẹnìkejì rárá, ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n ń jù títí Usman fi dá a dúró ní ráúndì karùn-ún nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 50. Ti Jorge Masvidal kìíní, 2020, ní Abu Dhabi, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, àwọn kan ní kò wuyì, èmi rẹ́rìn-ín. Ó ti lọ sọ́dọ̀ kóòṣì Trevor Wittman ní Colorado nígbà tó fi ja ti Gilbert Burns ní 2021, Burns kọ́kọ́ gbò ó jìgìjìgì, ó padà fi ẹ̀ṣẹ́ gún un lójú gún un lójú títí wọ́n fi dá ìjà dúró ní ráúndì kẹta. Ìkejì Masvidal, Jacksonville, April 2021, ọwọ́ ọ̀tún kan, ó parí, mo rò pé ẹ̀rù kí wọ́n má gbé òun ṣubú ló jẹ́ kí Masvidal ṣí ojú sílẹ̀. Bọ̀dá Kóòṣì ní bẹ́ẹ̀ ni jàre, ìjàkadì ló ju ẹ̀ṣẹ́ yẹn.

Nígbà tó kan August 2022 ní Salt Lake City, àwọn èèyàn ní kí wọ́n fò ó. Wọ́n kọ̀. Leon Edwards ọjọ́sí ni, ní ráúndì kìíní ó dá Usman dé ilẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó máa ṣe é sí i ní UFC, Usman wá gba ráúndì mẹ́ta tó tẹ̀lé e lọ́wọ́ ẹ̀, ó ku ìṣẹ́jú àáyá 56 kí gbogbo ẹ̀ parí, Edwards fi ẹsẹ̀ òsì gbá a lórí. Ká ní ó borí lọ́jọ́ yẹn, ìborí ẹ̀ léraléra ní UFC ì bá di 16, á bá Anderson Silva tó ṣe irú ẹ̀ jù lọ ní UFC dọ́gba. Wọ́n yí i padà, wọ́n fi hàn wá pé ọwọ́ òsì ni Edwards kọ́kọ́ jù, Usman yẹ orí, ibi tó yẹ̀ ẹ́ sí gan-an lẹsẹ̀ ń bọ̀. Kò kan ìjàkadì rárá. Ti London, March 2023, rẹfirí yọ máàkì kan lọ́wọ́ Edwards torí ó di wáyà mú, síbẹ̀ ó borí. Ti Khamzat Chimaev, tó gbà láìgbáradì, wọ́n sáré kọjá níbẹ̀. Ti Joaquin Buckley ní Atlanta, June 2025, Usman ti di ẹni ọdún 38, orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́, ó sì padà sídìí ìjàkadì ẹ̀, ó ń gbé ọmọdé ṣubú, ó borí. Inú Bọ̀dá Kóòṣì dùn débi pé wọ́n gbàgbé láti dá a dúró.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè dé, wọ́n ń ti géètì pa láago mọ́kànlá nítorí ààbò, ẹ ò sì ní jáde di ìdájí. Àbókí tó ń din núdù àti ẹyin wà nínú ọgbà, ó dáa, kò wọ́n. Ariwo jẹnẹrétọ̀ pọ̀ jù, ẹ jókòó sápá òsì. Èmi àti àwọn obìnrin mélòó kan la lọ, kò sẹ́ni tó yọ wá lẹ́nu, àmọ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wa, kò sì sómi ńbẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ wọ́n ní Israel Adesanya ló kàn, Bọ̀dá Kóòṣì ti ń fajú ro torí ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀ nìyẹn fi ń jà. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ pọnmi sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ná ká tó sọ̀rọ̀ ìkarùn-ún.