Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ wo The Shallows

Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló jẹ́ ká dá fíìmù yìí dúró. Ẹja ekurá, ìyẹn ṣáàkì, kò tíì yọjú rárá. Fọ́tò ni. Nancy, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, ń wo ìyá rẹ̀ lójú fóònù, ìyá náà dúró sí etíkun tí òun fúnra rẹ̀ ń lọ yìí gan-an. Jẹjẹrẹ ló pa á. Jẹjẹrẹ náà ló mú ìyá tiwa lọ. Àbúrò mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ní ọdún 2016 ni fíìmù náà jáde, Jaume Collet-Serra ló darí rẹ̀, Blake Lively ló ṣe Nancy. PG-13 ni wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé kí òbí ṣọ́ra fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, ìkìlọ̀ tó bá a rìn kò sì ju ìlà kan lọ: ẹ̀jẹ̀, ewu tó le, ọ̀rọ̀ burúkú díẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tó. Ikú ìyá yẹn kò sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ òun ni òpó tí gbogbo ìtàn náà dúró lé. Ó yẹ kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ mọ̀ kó tó jókòó.

Èmi nìkan ni mo padà wò ó parí lálẹ́ ọjọ́ kejì. Mo kọ ohun tí mo rí sínú ìwé, kí n tó pe àbúrò mi wá.

Èyí tó le jù ni ọgbẹ́ itan. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni Nancy. Nígbà tí ẹja ti bù ú jẹ tó sì ti gun orí àpáta, ohun ọ̀ṣọ́ tó wà lára rẹ̀ ló fi ń gún ẹran tó ya, tó fi ń fa ojú ọgbẹ́ pọ̀, ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Bí abẹ́rẹ́ bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gbàrà tó bá ti fọwọ́ kan yẹtí. Ọ̀mùtí kan tún wà tí ẹja gé sí méjì ní ìbàdí, apá òkè rẹ̀ ṣì ń wọ́ lórí iyanrìn. Èmi ò ní jẹ́ kí ọmọ ọdún 13 wo ìyẹn.

Ẹyẹ òkun kan wà lórí àpáta náà, apá rẹ̀ ti yẹ̀. Nancy tì í padà sáàyè. Ó dunni láti wò. Ṣùgbọ́n kò kú o! Mo ti sọ fún àbúrò mi ṣáájú. Ó di itan tirẹ̀ mú ṣinṣin nígbà tí wọ́n ń rán ọgbẹ́, ó yíjú nígbà tí mo ní kó yíjú, ó sì wò ó dópin.