Kàlẹ́ńdà tó ń sọ ọ̀rọ̀ àrà kan lójúmọ́: bó ṣe rí nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀

Kàlẹ́ńdà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì àti olóṣèlú máa ń pín lọ́dún tuntun, tí a ó kàn mọ́ ògiri títí àwòrán ẹni tó pín in yóò fi ṣá. Kékeré ni, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó nípọn, ó sì ń dá dúró lórí tábìlì. Ojú ewé kan ló wà fún ọjọ́ kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wàá fa ti àná ya, ti òní á yọjú. Ọ̀rọ̀ àrà kan ni wọ́n kọ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan: ti ẹranko, ti ogun àtijọ́, ti oúnjẹ, ti ojú ọ̀run. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, òkè òkun ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń ta ìwé lẹ́bàá títì ní Ọláìyá ni mo ti rà á, owó tí mo san sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí mo ń gbà rán ìró àti bùbá kan. Ọkọ mi ní mo fi owó ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ náà, kí ẹ bá wa dá a.

Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Station Road, níhìn-ín ní Òṣogbo. Orí tábìlì tí a fi ń gé aṣọ ni mo gbé e sí, láàárín agolo ṣọ́ọ̀kì àti tépù. Mo wá ṣòfin pé ọmọ iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ni yóò fa ti àná ya, òun náà ni yóò ka tuntun sí wa létí. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń yọ́ wọlé ní aago mẹ́sàn-án ti ń bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn nìkan ti san díẹ̀ nínú owó tí mo ná.

Àwọn oníbàárà gan-an ló wá jàǹfààní rẹ̀ jù. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí iná bá lọ, tí a ò tíì lọ aṣọ tí ènìyàn jókòó dè. Tẹ́lẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń bú. Ní báyìí, wọ́n á nawọ́ gán kàlẹ́ńdà, wọ́n á kà á, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé lórí pílánẹ́ẹ̀tì Venus, ọjọ́ kan gùn ju ọdún kan lọ. Ariwo ta. Ìyá Ìbejì ní irọ́ funfun báláú ni, ọjọ́ ló ń di ọdún, ọdún kì í di ọjọ́. Venus yìí ni àwa ń pè ní Àgùàlà, tó máa ń tàn yanran nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ tàbí ní kùtùkùtù, èyí tí àwọn àgbà ní ó ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Ó ń gbà á ní nǹkan bí ọjọ́ 225 ti ilé ayé wa kí ó tó yí oòrùn ká tán. Ṣùgbọ́n ó lọ́ra débi pé kí ó tó yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọjọ́ 243 ti kọjá. Bàbá Ṣọ́jà, tó wá tún ìdí ṣòkòtò ṣe, mirí títí. Ó ní ó jọ pé kàlẹ́ńdà Àgùàlà ni wọ́n fi ń san owó ìfẹ̀yìntì òun.

Ojú ewé tó wọ̀ mí lára jù ni ti 12 Oṣù Kẹjọ, nítorí iṣẹ́ mi ló sọ. Ọjọ́ náà lọ́dún 1851 ni wọ́n fún Isaac Singer ní ìwé àṣẹ, irú èyí tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan tuntun, lórí máṣìn ìránṣọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe é. Télọ̀ ará Faransé kan, Barthélemy Thimonnier, ti gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́dún 1830, ó sì fi máṣìn rán aṣọ sójà ní Paris. Lọ́dún 1831, àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ya wọ ibẹ̀, wọ́n fọ́ máṣìn náà túútúú, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín tó wọn o. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ dé àdúgbò wa, mo mọ ohun tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ lẹ́yìn ẹni tó kó o wá.

Bàbá tó ń bá wa tún máṣìn ṣe wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó mú abẹ́rẹ́ ọwọ́ kan àti abẹ́rẹ́ máṣìn kan, ó tò wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní ká wò ó. Ìdí abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni ojú rẹ̀ wà, ti máṣìn sì wà nítòsí ẹnu tó mú ṣóńṣó. Elias Howe, ará Amẹ́ríkà, fi irú abẹ́rẹ́ olójú-lẹ́nu bẹ́ẹ̀ sínú máṣìn tó gbàwé àṣẹ lé lórí ní 10 Oṣù Kẹsàn-án 1846, ó sì fi òwú kejì sí ìsàlẹ̀. Bàbá yọ ìdérí ìsàlẹ̀ máṣìn mi, ó ní kí n fi ọwọ́ yí àgbá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọlẹ̀ tòun ti òwú òkè. Bó ṣe fẹ́ gbéra padà, òwú náà dẹ̀ díẹ̀, ó ká bí òrùka lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu irin kékeré tó rí kọdọrọ kọ́ ọ, ó sì fà á yí bọ́bìnnì tí wọ́n ká òwú ìsàlẹ̀ sí po. Òwú òkè ti so mọ́ ti ìsàlẹ̀ nìyẹn, èyí tó kù ni kí ó fún un pọ̀. Láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń wa máṣìn, n kò jókòó wo bí òwú méjèèjì ṣe ń pàdé rí. Ojú ewé yẹn ò sí nínú pàǹtí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpótí òwú.

Ẹ̀rín tó pọ̀ jù tún wá lórí ti Oṣù Kẹwàá. Lọ́dún 1582, Póòpù Gregory Kẹtàlá pàṣẹ kí wọ́n tún kàlẹ́ńdà ṣe, nítorí èyí tí wọ́n ń lò látẹ̀yìnwá fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 gùn ju ọdún ti oòrùn lọ. Ìṣẹ́jú náà ti kóra jọ títí ó fi di ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nítorí náà, ní Ítálì, Sípéènì àti Potogí, wọ́n sùn ní Ọjọ́bọ̀ 4 Oṣù Kẹwàá, wọ́n jí ní Ọjọ́ Ẹtì 15. Ọjọ́ mẹ́wàá wọlé lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣagídí títí di ọdún 1752 kí wọ́n tó ṣe tiwọn. Lẹ́yìn 2 Oṣù Kẹsàn-án, 14 ló kàn. Àlàájà kan tí mo ń rán léèsì fún gbọ́ ọ, ó kọjú sí mi:

"Ìyá Bọ́lá, ẹ ṣọpẹ́ pé ẹ ò sí láyé nígbà yẹn. Àwáwí ìbá dé! 'Àlàájà, ẹ má bínú, Póòpù ló gbé ọjọ́ tí mo fẹ́ rán an lọ.'"

Ẹ̀rín pa gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ fún un pé ó dára kó má rí bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ Iléyá, torí ẹni tó máa gbà mí lọ́wọ́ wọn kò sí.

Àlàájà yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà wá bí nínú lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ̀yìn ojú ewé kọ̀ọ̀kan ló mọ́ tónítóní, kò sí ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i, nítorí náà ìwọ̀n oníbàárà la máa ń kọ sí ẹ̀yìn àwọn tí a ti fà ya: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá. A ó fi bínnì gún un mọ́ aṣọ olówó. Ọmọ iṣẹ́ mi kan kọ ìwọ̀n Àlàájà sí ẹ̀yìn ojú ewé kan láìyí i wò. Nígbà tí Àlàájà wá gbé aṣọ, ó yí bébà náà padà, àwòrán àbùùbùtán ló bá níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé òun ni ẹranko tó tóbi jù láyé. Ó bi mí bóyá èébú ni mo gbé fún òun. Mo bẹ̀ ẹ́ débi tí mo fi gé díẹ̀ kúrò nínú owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé tó mọ́ yẹn wúlò gan-an fún oníṣòwò, n kò ní purọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó kù díẹ̀ káàtó.

Àkọ́kọ́, Sátidé àti Sọ́ńdè ni wọ́n so pọ̀ sí ojú ewé kan. Ta ló ṣe irú èyí fún télọ̀? Sátidé ni ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù mi máa ń kún jù, tí ẹni tó fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó yóò dúró tì mí lórí kí n fi bọ́tìnnì sí i. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ka ti Sátidé tán báyìí, Mọ́ńdè ni wọ́n tún tó rí nǹkan kà. Ẹni tó ṣe é rò pé gbogbo ayé ló ń sinmi lópin ọ̀sẹ̀.

Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tún lè fara da ọyẹ́. Nínú oṣù kìíní, nígbà tí ètè gbogbo wa ń sán, ẹ̀yìn rẹ̀ sán pẹ̀lú. Mo fa ojú ewé kan, mẹ́ta bá a wá. Gọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàtà ń lò ni mo fi tún un ṣe. Lẹ́tà inú rẹ̀ náà wín-ín-wín-ín. Bàbá Ṣọ́jà kò lè kà á láìbọ́ síta nínú oòrùn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kò mọ̀ wá rárá. Ti 27 Oṣù Kẹjọ sọ pé ọjọ́ náà lọ́dún 1896 ni ogun tó kúrú jù nínú ìtàn ṣẹlẹ̀, láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Zanzibar, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ló fi parí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n 27 Oṣù Kẹjọ 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, kò sí ẹni tó rántí. Ti 4 Oṣù Keje ní John Adams àti Thomas Jefferson, tí wọ́n ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, kú lọ́jọ́ kan náà lọ́dún 1826, lọ́jọ́ tí òmìnira ilẹ̀ wọn pé àádọ́ta ọdún gééré. Àrà gidi nìyẹn. Àmọ́ ọjọ́ yẹn náà, lọ́dún 1915, ni wọ́n bí Susanne Wenger sí ìlú Graz ní Austria, Àdùnní Olórìṣà tiwa, tó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí Igbó Ọ̀ṣun títí ó fi kú sí Òṣogbo níbí lọ́dún 2009. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó kó mọ́ra ló mọ ọ̀pọ̀ ère tí ayé ń wá wò níbẹ̀, kí UNESCO tó fi igbó náà sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Mo fi báírò kọ méjèèjì sí àyè tó ṣẹ́ kù. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ọjọ́ ọjà ọlọ́rùn-ún tí ìyá mi ń ná lóko, nítorí kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí Iléyá.

Ẹ má sì gba gbogbo ohun tó bá sọ gbọ́. Ó ní ènìyàn lè dúró lórí òṣùpá kó rí ògiri gbọọrọ ti Ṣáínà. Ọmọ UNIOSUN kan, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó wá wọn aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́-jáde já a ní koro. Ó ní Yang Liwei, ará Ṣáínà tó kọ́kọ́ lọ sí òfurufú lọ́dún 2003, sọ fúnra rẹ̀ pé òun ò rí i, bẹ́ẹ̀ ìtòsí ayé níbí ló wà. Ṣé ẹni tó wà lórí òṣùpá, tó fi nǹkan bí 384,000 kìlómítà jìnnà sí wa, ló máa wá rí i? Ọjọ́ mìíràn, ó ní oyin kì í bàjẹ́ tí a bá dé e dáadáa. Òótọ́ ni, omi inú rẹ̀ kéré, ó sì ní kíkan nínú, kòkòrò àìfojúrí kò lè gbèrú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan tó jókòó níbẹ̀ ní kí n bá òun sọ fún gbogbo ìyá ọlọ́mọ: ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ lá oyin, ó lè kó májèlé bá a. Kàlẹ́ńdà kò sọ ìyẹn. Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣe wá bákan, a ó yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í búra.

Bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn ti ń jókòó dúró, ìyẹn onídìrí, agẹrun, oníkẹ́mísìtì, ẹ rà á. Bí ó bá jẹ́ inú yàrá lẹ máa gbé e sí láti dá kà, ẹ fi owó yín ra nǹkan mìíràn. Ẹ má sì rà á nínú oṣù kejìlá tí ó máa ń gbówó lórí. Tí oṣù kejì bá ti wọlé, ẹni tó ń tà á yóò fẹ́ kí ó kúrò nílẹ̀, ìdajì owó ni yóò gbà. Ẹ kàn fa ojú ewé àwọn ọjọ́ tó ti kọjá ya lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ kó wọn pamọ́ fún Sọ́ńdè.