Owó kọpurétíìfù tí mo fi tún òrùlé ilé wa ṣe n'Íbàdàn

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ bí kọpurétíìfù ibi iṣẹ́ wa ṣe ṣe fún mi, torí lọ́dún tó kọjá orí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ mi ni òjò ń rọ̀ sí. Ìlọ́po méjì owó tí mo ti fi pamọ́ ni wọ́n yá mi, onídùúró méjì ni mo mú lọ, inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, èlé ẹ̀ ò sì pọ̀ rárá. Kò dà bí àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù tí wọ́n á tún máa pe gbogbo ẹbí ẹni. Àmọ́ wọ́n pẹ́ o, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko kí owó tó jáde!

Akọ̀wé wọn ló gbà mí. Ó ní àǹtí, ẹ má kó gbogbo owó fún káfíńtà lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín owó iṣẹ́ ẹ̀ sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì fúnra yín ra ọjà. Pákó, mo rà á ní Bódìjà. Páànù ni mo fi sílẹ̀ fún káfíńtà, ló bá gbé èyí tó nípọn tó mìlímítà 0.45 wá dípò 0.55 tá a jọ kọ sílẹ̀, géèjì (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí páànù ṣe nípọn tó) tí mo fi wọ̀n ọ́n ló tú u fó, mo ní kó dá a padà kíá, mi ò sì san ìdá kejì títí tó fi pààrọ̀ ẹ̀. Òjò rọ̀ lánàá, bẹ́ẹ̀dì gbẹ.