Intel AMT lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀: ẹ kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀

Bí Windows bá kọ̀ tí kò dìde mọ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ka iléeṣẹ́ tó wà ní Ìbàdàn, AnyDesk àti TeamViewer tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè ò lè ran ẹni tó jókòó sí Ìkẹjà lọ́wọ́, torí inú Windows ni àwọn méjèèjì ń gbé. Intel AMT, ètò Intel tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, kì í gbé ibẹ̀. Inú chipset, ìyẹn ṣíìpù tó ń so processor mọ́ àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ tó kù, ló wà, lórí ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Management Engine, tó ń jẹ iná díẹ̀díẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá ṣì wà lára ògiri, bí wọ́n tilẹ̀ ti pa kọ̀ǹpútà náà. Ẹni tó ní páswọ́ọ̀dù rẹ̀ lè tan kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, kó wọ BIOS (ètò tó ń tan ẹ̀rọ kí Windows tó dìde), kó rí ojú aláwọ̀ búlúù tí Windows ń gbé jáde nígbà tó bá dákú, kó sì fi ISO (fáìlì tí wọ́n fi ń gbé Windows kalẹ̀) tó wà lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ tún Windows gbé kalẹ̀.

Ọdún 2006 ni Intel gbé e jáde lábẹ́ orúkọ vPro. Kò sí owó oṣù lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tó ra OptiPlex, EliteDesk tàbí ThinkCentre tòkunbọ̀ ní Computer Village ló ti san owó rẹ̀ mọ́ owó ẹ̀rọ láìmọ̀. Ìdájọ́ wa ni pé ó wúlò gan-an fún ọ́fíìsì tó ní ẹ̀ka, tàbí tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti ju mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n lórí tòkunbọ̀, ewu rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ títí ẹ ó fi gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín.

Ẹ má fi sítíkà vPro ra ọjà. Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé: processor, chipset àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. i5-6500 àti i5-8500 ní in. I5-6400 àti i5-8400 kò ní in. i7-6700 ní in, i7-6700K kò ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó ní K ló wọ́n jù. Ní ti chipset, Q170, Q270 àti Q370 ni kí ẹ wá. H110 àti B250 kò ṣe é. Ẹ ṣí Device Manager kí ẹ wo orúkọ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì: I219-LM la fẹ́, kì í ṣe I219-V. Bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ pé, iléeṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà lè ti pa AMT láti ibi tí wọ́n ti tò ó, torí bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà àkọ́kọ́ ṣe fẹ́ ẹ. Ìdánwò tó dájú ni kí ẹ tan ẹ̀rọ níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ tẹ Ctrl+P bó ṣe ń dìde, kí MEBx, ojú ìwé tí wọ́n ti ń to AMT, lè ṣí. Lórí Dell, F12 ló máa ń gbé àtòjọ tó ní MEBx jáde. Àwọn HP tuntun ń lo F6. Bí ojú ìwé yẹn ò bá ṣí, ẹ má sanwó AMT.

Páswọ́ọ̀dù tó máa ń bá MEBx wá láti iléeṣẹ́ ni admin. Bí admin ò bá ṣí i, á jẹ́ pé ẹni tó ni ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ ti yí i padà. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n kọ Unconfigure AMT sí nínú BIOS. Bí kò bá sí, ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ bátìrì kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, páswọ́ọ̀dù á padà sí admin. Lórí láptọ́ọ̀pù, èyí kì í sábà ṣiṣẹ́, ó sì sàn kí ẹ dá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ padà fún òǹtajà. Bí admin bá tilẹ̀ ṣí i, ẹ ṣì wọ Unconfigure Network Access, kí ẹ yan Full Unprovision. Ìdí ni pé iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ lè ti tò ó sí CIRA, èyí tó máa ń mú kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ pe sẹ́fà wọn nígbàkígbà tó bá rí íntánẹ́ẹ̀tì níta ọ́fíìsì wọn. Windows tuntun tí ẹ gbé sórí rẹ̀ kò kan ibẹ̀ rárá.

Kí ẹ tó tan AMT, ẹ mú BIOS àti firmware ME (ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú Management Engine) dé ẹ̀dà tuntun jù lọ láti ojú òpó ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ní May 2017 ni wọ́n kéde àléébù CVE-2017-5689, tó kan AMT ẹ̀dà 6 títí dé 11.6: ẹni tó bá fi ìdáhùn òfìfo ránṣẹ́ níbi tó yẹ kí páswọ́ọ̀dù wà á wọlé gẹ́gẹ́ bí admin. AMT 11 ló wà lórí àwọn i5-6500 tó kún ọjà, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan tòkunbọ̀ gan-an. Bí ẹ bá rí 11.8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkàn yín á balẹ̀ lórí èyí.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ kò le. Ẹ wọ MEBx, ẹ fi páswọ́ọ̀dù tuntun sí i: ó kéré tán lẹ́tà 8, kó ní lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà àti àmì. Ibí yìí ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Kíbọọ̀dù tó ti Ìlú Ọba wá kò fi @ sí ibi tí kíbọọ̀dù Amẹ́ríkà fi í sí, ètò Amẹ́ríkà sì ni MEBx ń kà. Páswọ́ọ̀dù tó ní @ lè wọlé níbẹ̀, kó má wọlé mọ́ láti òkèèrè. Ẹ lo ! tàbí $, torí ojú kan náà ni wọ́n wà lórí méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ tan KVM (tó ń jẹ́ kí ẹ rí ojú ẹ̀rọ kí ẹ sì lo kíbọọ̀dù àti máòsì rẹ̀ láti òkèèrè), SOL (tó ń fi ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí yín) àti Storage Redirection (tó ń fi ISO ránṣẹ́). Ní Power Control, ẹ yan èyí tó ní S3 (ìgbà tí ẹ̀rọ ń sùn) àti S4-5 (ìgbà tí wọ́n ti pa á) nínú. Ẹ fi DHCP, èyí tí router fi ń fún ẹ̀rọ ní IP (ádírẹ́ẹ̀sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì), sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí ẹ wá tẹ Activate Network Access.

Bí kò bá sí ẹni tó máa ń jókòó níwájú ẹ̀rọ náà, ẹ yí User Consent (ìyọ̀ǹda ẹni tó wà níwájú ẹ̀rọ) sí None. Ọwọ́ tí ẹ fi tò ó nínú MEBx yìí ló fún yín ní Admin Control Mode, tí kò fi pọn dandan kí ẹnikẹ́ni yọ̀ǹda. Ẹni tó bá tan AMT láti inú Windows láìní ìwé ẹ̀rí, Client Control Mode ló máa rí gbà, níbi tí ẹnìkan ti gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà mẹ́fà tó jáde lójú ẹ̀rọ fún un kó tó lè fi KVM wo ohunkóhun. Ní alẹ́, nígbà tí ọ́fíìsì ti ṣófo, kò sí ẹni tó máa kà á.

Láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ kọ IP rẹ̀ sínú browser pẹ̀lú pọ́ọ̀tì 16992. 16993 ni ti TLS (ìsopọ̀ tí ẹlòmíì ò lè ká), òun sì ni kí ẹ máa lò lẹ́yìn tí ẹ bá ti to TLS náà. MeshCentral, sẹ́fà tí ẹ fi lè darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà láti ojú kan, ni a fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ ojoojúmọ́: ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má ṣí 16992 sí íntánẹ́ẹ̀tì lórí router láéláé. VPN (ọ̀nà àdáni tó so yín mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì) ni kí ẹ gbà wọlé, tàbí kí ẹ tò ó sí CIRA ti MeshCentral tiyín, tó ń lo pọ́ọ̀tì 4433.

Ohun tó sábà ń bàjẹ́ ni iná. Àṣà pípa sọ́kẹ́ẹ̀tì lára ògiri nígbà tí wọ́n bá ń ti ọ́fíìsì ń pa AMT náà, torí kò ní ohun tí yóò jẹ mọ́. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ò bá lè fi í sílẹ̀, ẹ yí After Power Loss sí On nínú BIOS, kí ẹ̀rọ lè dìde fúnra rẹ̀ bí iná bá dé. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti pa kò ní dáhùn láìsí ṣájà. Bí KVM bá dúdú, ẹ wò ó bóyá kò sí ojú ẹ̀rọ kankan tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà náà: dummy plug kan, ìyẹn púlọ́ọ̀gì kékeré tó ń ṣe bí ojú ẹ̀rọ, á yanjú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti fi káàdì fídíò kún un, KVM ò ní ríran mọ́, torí fídíò inú processor ló ń wò. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ wọ inú ihò tó wà lára bọ́ọ̀dù gan-an, kì í ṣe ti USB. Bí Windows bá sì ń lo IP tí ẹ fọwọ́ kọ nígbà tí AMT wà lórí DHCP, ẹ ó máa wá a kiri. Ẹ fi méjèèjì sórí DHCP, kí ẹ ya IP náà sọ́tọ̀ lórí router.

Fífi ISO Windows ránṣẹ́ láti ìlú kan sí òmíràn nípasẹ̀ AMT máa ń falẹ̀ gan-an. Ẹ fi ISO náà sórí kọ̀ǹpútà kan nínú ẹ̀ka yẹn, kí ẹ ti ibẹ̀ darí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ́fíìsì bá fẹ́ ta ẹ̀rọ yìí, ẹ tún padà wọ MEBx kí ẹ ṣe Full Unprovision, ẹ sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú MeshCentral kó tó kúrò lọ́wọ́ yín.